Ọkọ́ Lẹ́yìn Yìnyín

Wọ́n ní Ìyá Jọ́ọ̀sì ló kó yìnyín wá sí Ajara. Wọ́n ní inú àpò ìrìn àjò rẹ̀ ló kó o sí láti orí òkè, pé ó kàn ń wá ọjọ́ tí yóò tú u sílẹ̀ ni. Ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́, a ò mọ̀ ọ́n mọ́, ṣùgbọ́n kí ìsìn ọjọ́ Àìkú tó parí, ọ̀rọ̀ náà ti dé Mowo, ó sì ti wọ ọkọ̀ ojú omi dé Gberefu. Kí Olúwa má kà á sí wa lọ́rùn, àwa tí a ń jókòó níwájú nínú ṣọ́ọ̀ṣì náà gbà á gbọ́ díẹ̀. A ò gbà á tán o. A ṣì ń kí i, a sì ń béèrè orúnkún rẹ̀, àmọ́ bí ó bá bu omi fún wa nílé rẹ̀, a ó ní òǹgbẹ ò gbẹ wá.

Ohun tó fà á ni pé ẹ̀rí wà nílẹ̀. Yìnyín kì í sábà rọ̀ létí òkun wa níbí. Àwọn ọmọ kan ti jáde ní yunifásítì tí wọn ò tíì fojú rí i rí. Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án ọjọ́ kan nínú oṣù kẹta, kí ẹyọ kan tó já bọ́, ọ̀pọ̀ èèyàn rí Ìyá Jọ́ọ̀sì tó da bàsíà irin borí bí akẹtẹ̀, tó ń sáré fi ẹní àti àpò ìrẹsì bo ewébẹ̀ rẹ̀. Ojú ọ̀run ò tíì ṣú tán. Ó bo ewébẹ̀ tán, ó wọlé, yìnyín dé. Ìyẹn nìkan ì bá ṣeé gbójú fò. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n tún bá a nínú oko Comfort olórí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin, oko tí kì í ṣe tirẹ̀, pẹ̀lú ọkọ́ lọ́wọ́, ó ń kọ ebè. Ta ló máa ń tún oko olóko ṣe láìjẹ́ pé ọwọ́ rẹ̀ ló bà á jẹ́?

Orúkọ rẹ̀ gan-an ni Tabitha. Ajara ni wọ́n bí i sí, ọmọ Ẹ̀gùn pọ́nńbélé, ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì láti ìgbà ìyá ìyá rẹ̀. Títí di òní, bí ẹ̀rù bá bà á, Ẹ̀gùn ló fi ń ké pe Olúwa: "Oklunọ, Oklunọ," bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn. Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni Daniel ọkọ rẹ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n ṣègbéyàwó tí ìjọ fi gbé e lọ sí abúlé kan lórí òkè, nítòsí Jọ́ọ̀sì. Wọ́n ní ọdún méjì péré ni. Ibẹ̀ ni wọ́n bí Josiah sí, ibẹ̀ ni wọ́n bí Fèyí àbúrò rẹ̀ sí. Àwọn méjèèjì dàgbà, wọ́n sọ̀kalẹ̀ wá ṣiṣẹ́ ní Èkó, bàbá àti ìyá wọn ṣì wà lórí òkè. Bí ọdún méjì ìjọ ṣe máa ń gùn nìyẹn.

Tabitha, tó jẹ́ pé etí ọ̀sà ló dàgbà sí, rò pé àìsàn ló kọ lu òun nígbà tí òtútù òkè kọ́kọ́ mú un. Kò rí ọ̀sà, kò rí igi àgbọn. Àpáta ló rí, tí wọ́n gorí ara wọn bí ẹni pé ẹnì kan ń kọ́lé lọ́wọ́ tó sì pa iṣẹ́ tì. Pòtétò àti kábéèjì ni àwọn ará ibẹ̀ ń gbìn. Daniel gba ilẹ̀ lọ́wọ́ bàbá kan tí wọ́n ń pè ní Dá Gyang, Tabitha tí kò mọ̀ ju ká yan ẹja lọ sì di àgbẹ̀.

Kò tíì pẹ́ níbẹ̀ tí yìnyín fi bá a. Ní Ajara, nígbà tó wà lọ́mọdé, yìnyín rọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ayọ̀ ló sì jẹ́. Àwọn ọmọdé sáré síta, wọ́n ń ṣà á jẹ. Àwọn ìyá ń gbé abọ́ síta, wọ́n ní omi rẹ̀ dára fún ibà. Nítorí náà, nígbà tó gbọ́ ọ gbà-gbà-gbà lórí páànù lókè lọ́hùn-ún, Tabitha gbé bàsíà, ó bọ́ sí àgbàlá, ó ń kọrin, ó ń ṣa yìnyín. Ó tiẹ̀ ju ẹyọ kan sẹ́nu. Ìgbà tó gbójú sókè ló rí Ngo Kaneng, ìyàwó Dá Gyang, lẹ́nu ọ̀nà tirẹ̀, tó fi ọwọ́ bo ẹnu. Kò wo Tabitha rárá. Oko ló ń wò. Gbogbo ewé pòtétò rẹ̀ ti di jákujàku. Tabitha rọra da ohun tó wà nínú bàsíà nù. Èyí tó wà lẹ́nu rẹ̀, kò mọ ibi tí yóò tu ú sí, ló bá gbé e mì.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí oòrùn tó yọ dáadáa, ó rí ohun tí kò rí rí. Àwọn ará abúlé tí yìnyín fo oko wọn ń bọ̀ pẹ̀lú ọkọ́ léjìká. Kò sẹ́ni tó ránṣẹ́ pè wọ́n. Ìkíni wọn ò gùn. Wọ́n wọ oko Dá Gyang, wọ́n ń wa iyẹ̀pẹ̀ bo ìdí pòtétò tí yìnyín ti bó, nítorí pé pòtétò tí kò tíì dàgbà lè tún rú bí wọ́n bá tètè bo ìdí rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é lábúlé yẹn nìyẹn: ẹni tí yìnyín fò ló ń gbé ọkọ́ lọ sọ́dọ̀ ẹni tí yìnyín bà. Ẹni tí kò bá lọ, wọn ò ní bá a jà. Wọ́n á kàn bẹ̀rẹ̀ sí í kí i tẹ̀yẹtẹ̀yẹ, bí wọ́n ṣe ń kí àlejò, wọn ò sì ní yéé kí i bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ọdún ń gorí ọdún, Tabitha wá mọ yìnyín òkè bí èèyàn ṣe ń mọ ìyá ọkọ tó le. Ìbẹ̀rẹ̀ òjò ló fẹ́ràn jù, láti nǹkan bí oṣù kẹta sí ìkarùn-ún, nígbà tí ilẹ̀ ti gbóná, tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá ọ̀nà wọlé. Láàárín òjò gan-an, kì í fi bẹ́ẹ̀ yọjú. Ó lè tún yà kí wọn nígbà tí òjò bá ń palẹ̀ mọ́. Ọ̀sán ló sábà ń wá, lẹ́yìn oòrùn tó mú, láti apá ìlà oòrùn. Ìsàlẹ̀ ìkùukùu á kọ́kọ́ ní àwọ̀ ewé tí wọ́n bọ̀ jù, atẹ́gùn tútù á ṣàdédé fẹ́ gba ẹsẹ̀ èèyàn kọjá, àwọn adìyẹ á wọlé láìsí ẹni tó lé wọn. Kì í bo gbogbo ilẹ̀. Tóóró ló ń rìn, bí ẹní tí wọ́n tẹ́ gba àárín oko kọjá, tó fi jẹ́ pé ebè yìí á lọ, ebè kejì á wà. Òkè méjì kan wà lẹ́yìn abúlé tí wọ́n fi àlàfo sílẹ̀ láàárín ara wọn. Àlàfo yẹn ló ń gbà jù, àwọn ará ibẹ̀ sì ń pe ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní ọ̀nà yìnyín. Síbẹ̀, bí wọ́n bá ti fọkàn balẹ̀ pé àwọn ti mọ ọ̀nà rẹ̀, á yà bàrá, á gba oko ẹni tó ń rojọ́ nípa rẹ̀ lọ́wọ́.

Daniel máa ń rẹ́rìn-ín sí i. "Ó ní àsìkò," ni yóò wí, "kò ní àdírẹ́sì."

Lọ́dún mìíràn oko tiwọn ló ń bà, àwọn èèyàn á dé pẹ̀lú ọkọ́. Lọ́dún mìíràn tiwọn ló ń fò, Tabitha á gbé ọkọ́ tirẹ̀, èyí tí Daniel gbẹ́ èèkù kúkúrú fún nítorí kò ga, á máa lọ. Bàsíà àkọ́kọ́ yẹn di ohun tó ń dé sórí bí òjò bá ká a mọ́ oko. Yìnyín lù ú títí ó fi rí gbágungbàgun bí ojú ẹni tí olóde ti bá jà.

Daniel kú, wọ́n sì sin ín sí ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Josiah wá gbé ìyá rẹ̀. Ó ti kọ́ ilé sí Ajara, ilé tó tura, omi ẹ̀rọ nínú àgbàlá. Tabitha gbà láti bọ̀ wálé, ṣùgbọ́n kò jọ̀wọ́ oko. Àwọn ọmọ Dá Gyang ń bá a gbìn ín, wọ́n sì ń fi àpò pòtétò ránṣẹ́ sí i lọ́dọọdún. Àwa tí a ń sá fún omi rẹ̀ jẹ nínú pòtétò náà dáadáa, a ò béèrè ohun tó tún wà nínú àpò.

Ó gba ààyè díẹ̀ lórí ilẹ̀ ìjọ lápá ọ̀sà, níbi tí àwọn obìnrin ń gbin ewébẹ̀ sí. Ààyè tirẹ̀ àti ti Comfort fara kan ara. Ọjọ́ tí yìnyín ya wọ Ajara, ẹní àti àpò gba tẹ̀tẹ̀ Tabitha là. Tòmátì Comfort ò rí ẹní kankan. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Tabitha ò tiẹ̀ ronú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló mọ̀nà. Ó gbé ọkọ́.

Ó ti kọ ebè díẹ̀ nígbà tí Comfort yọ lójú ọ̀nà pẹ̀lú garawa.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni. O jíire, nọ̀ví," ni Tabitha dáhùn, bí Ẹ̀gùn ṣe ń pe ọmọ ìyá.

"Kí lẹ ń gbìn síbẹ̀, ẹ̀yin ìyá wa?"

"Mi ò gbin nǹkan kan. Yìnyín fo tèmi, ó ba tìẹ."

"Mo rí i pé ó fo tiyín. Gbogbo Ajara ló rí i."

"Ìdí tí mo fi wá nìyẹn."

Comfort gbé garawa kalẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ kó dún. "Ṣé ẹ gbọ́ ohun tẹ́ ẹ fẹnu ara yín sọ?"

"Mo gbọ́. Wá dúró níhìn-ín, kí o máa bá mi wa iyẹ̀pẹ̀ sí i."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọkọ́ yẹn sílẹ̀ ná. Kẹ́ ẹ wá máa bọ̀ sọ́dọ̀ mi díẹ̀díẹ̀."

"Ṣé mo ti di ejò ni?"

"Mi ò pè yín léjò. Mo ní ẹ sọ ọkọ́ sílẹ̀."

Tabitha wò ó, ó rí i pé ẹ̀rù ń bà á ní tòótọ́. Ẹnu Comfort ń mì bí ẹnu ẹni tó ń ka sáàmù nínú. Ìgbà yẹn ni Tabitha ṣẹ̀ṣẹ̀ wo ẹ̀yìn, tó rí i pé nínú gbogbo ilẹ̀ ewébẹ̀ yẹn, kò sí ẹlòmíràn tó gbé ọkọ́. Oníkálukú wà nílé rẹ̀, ó ń ka ohun tirẹ̀ tí yìnyín bà jẹ́. Ó sọ ọkọ́ sílẹ̀ lórí ebè, ó sì lọ sílé ní ọwọ́ òfìfo.

Ọkọ́ náà wà níbẹ̀. Comfort ní kí àlùfáà wá gbàdúrà sí i. Àlùfáà ní ọkọ́ lásán ni, ṣùgbọ́n òun náà ò fọwọ́ kàn án.

Ṣé ẹ rántí ọjọ́ ìdúpẹ́ àwọn obìnrin, tí a ṣe nínú pápá ṣọ́ọ̀ṣì? Abẹ́ àtíbàbà ni gbogbo wa wà, ìwàásù ń lọ, ó ti lọ pẹ́. Tabitha gbójú sókè. Ìsàlẹ̀ ìkùukùu ti ní àwọ̀ ewé tí wọ́n bọ̀ jù. Atẹ́gùn tútù kan fẹ́ gba ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá. Ọkàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bá a jiyàn níbi tó jókòó sí: bí o bá sọ, tí yìnyín sì rọ̀, wọ́n á ní ìwọ lo pè é, bí o ò bá sọ, tó sì fọ́ ọmọ kan lórí ńkọ́? Ó dìde, ó rìn lọ síwájú, ó sì sọ ọ́ sí àlùfáà létí.

Àlùfáà wo bàtà rẹ̀, ó wo ọ̀run, ó ní kí gbogbo ìjọ wọlé. Ká má purọ́ nílé Olúwa, kì í ṣe gbogbo wa ni inú wa bàjẹ́ pé ìwàásù dá dúró. A gbé ìkòkò, a gbé àwọn arúgbó, a gbé àga. A jókòó nínú ilé, a ń fetí sí páànù. Òjò wín-ín-wín-ín kan dé, tí kò tó láti fọ àwo. Lẹ́yìn náà ni oòrùn yọ, ó mú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

"Ìyá Jọ́ọ̀sì," ni ẹnì kan pè láti ẹ̀yìn, "ṣé ó ti tán nínú àpò ni?"

Ẹ̀rín gba ilé kan. Tabitha náà rẹ́rìn-ín. Ó sì yẹ kí inú rẹ̀ dùn, nítorí ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ àpò yẹn kú. Ẹni tó ní agbára láti pe yìnyín ò ní jẹ́ kó dójú ti òun níwájú ìjọ. Láti ọjọ́ náà la ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í mu omi rẹ̀.

Ṣùgbọ́n nígbà tó délé, ó jókòó sẹ́yìn ilé, ó kọjú sí apá ọ̀sà. Kò sí òkè níbẹ̀ tí ìkùukùu yóò gba àárín rẹ̀. Atẹ́gùn òkun wá láti ọ̀tún, ó pàdé ti orí ilẹ̀, wọ́n da ara wọn rú, kò sì mọ èyí tó ń sọ òtítọ́ nínú wọn. Ohun tó fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́, ó rí i pé ó dà bí aṣọ tí wọ́n rán mọ́ ẹnì kan lára: kò tóbi fún ẹlòmíràn, kò kéré, kò kàn bá a mu ni. Ó bi Olúwa léèrè ohun tí òun ń ṣe níhìn-ín. Kò bi í pẹ̀lú ìbínú. Ó kàn fẹ́ mọ̀ ni.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ò tíì parí tí fóònù fi dún. Ngo Kaneng ni. Hausa ni àwọn méjèèjì fi ń sọ̀rọ̀, èdè tí kì í ṣe ti ẹnì kan nínú wọn. Wọ́n kí ara wọn, wọ́n béèrè àwọn ọmọ.

"Ó rọ̀ níbí lánàá," ni Ngo Kaneng wí.

"Ibo ló gbà?"

"Àlàfo ló gbà wá. Nígbà tó dé ibi igi ńlá yẹn, ó yà."

"Ó yà síbo?"

"Sọ́dọ̀ wa. Tìrẹ wà dáadáa. Kò fọwọ́ kan ewé kan."

Ngo Kaneng fi mọ bẹ́ẹ̀. Kò ní kó wá. Kò ní kó má wá. Tabitha gbọ́ bí adìyẹ ṣe ń ké ní òdìkejì, ó gbọ́ bí ẹnì kan ṣe ń gbálẹ̀.

"Ó dáa, bá mi kí àwọn ọmọ," ni Ngo Kaneng wí nígbà tó yá, ó sì pa fóònù.

Tabitha ò tíì gbé fóònù kúrò létí tó fi mọ ohun tó wà nílẹ̀. Pòtétò ò ní dúró dè é. Bí ó bá lọ báyìí, ó ṣì jẹ́ ará ibẹ̀, ibi tí ọkọ rẹ̀ sùn sí. Bí kò bá lọ, àpò pòtétò á ṣì máa dé, wọ́n á ṣì máa pè é lórí fóònù, wọ́n á sì máa kí i tẹ̀yẹtẹ̀yẹ.

Ó ṣe àṣìṣe kan: ó bi Fèyí léèrè ibi tí ọkọ̀ Jọ́ọ̀sì ti ń gbéra nísinsìnyí. Nọ́ọ̀sì ni Fèyí. Bí ó bá gbọ́ ohùn èèyàn, ó ti mọ ibi tó ń dùn ún. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti wà nínú pálọ̀ ní Ajara. Àpò Tabitha wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn, bàsíà wà lórí rẹ̀.

"Màámi, orúnkún yín," ni Fèyí bẹ̀rẹ̀.

"Ó ń bẹ lẹ́sẹ̀ mi. Mi ò ní gbàgbé rẹ̀ sílé."

"Ẹ̀fẹ̀ kọ́ o. Ẹ ò lè jókòó nínú mọ́tò láti àárọ̀ ṣúlẹ̀."

"Mo jókòó nínú ìwàásù ọjọ́ ìdúpẹ́."

Josiah fa àga rẹ̀ sún mọ́ ọn. Ọmọ tó ní sùúrù ni. Sùúrù rẹ̀ yẹn ló ń rẹ ìyá rẹ̀ jù. "Màámi, ẹ jẹ́ ká fi owó ránṣẹ́ sí wọn. Kí wọ́n gba alágbàṣe. Owó á dé kẹ́ ẹ tó dé Ìbàdàn."

"Kì í ṣe owó ni wọ́n ń gbé lọ, Josiah. Ọkọ́ ni. Ibẹ̀ ni wọ́n bí ọ sí, o mọ̀."

"Mo mọ̀. Mo sì mọ ojú ọ̀nà yẹn pẹ̀lú. Bí nǹkan bá ṣe yín, kí ni ará Ajara á sọ? Pé a mú ìyá wa jáde nílé lọ ṣiṣẹ́ oko?"

"Ó kúkú ti bọ́ lẹ́nu rẹ. Ará Ajara. Wọ́n ti sọ pé mo ń kó yìnyín kiri, mo ṣì ń jẹun."

Ẹnì kan kan ilẹ̀kùn. Comfort ló wọlé, ó di nǹkan gígùn kan sínú aṣọ funfun, ó gbé e lọ́wọ́ méjèèjì bí ẹni gbé ọmọ tuntun wá síwájú àlùfáà.

"Ẹ káàbọ̀, mà," ni Fèyí wí. "Ẹ bá wa dá sí i. Ẹ sọ ohun tí mo ní kẹ́ ẹ bá wọn sọ."

"Àá," ni Tabitha wí, "ẹ ti lọ gba lọ́yà."

Comfort tú aṣọ náà. Ọkọ́ ni.

"Mọ́mì Comfort," ni Fèyí rọra wí, "ọkọ́ kọ́ ni mo ní kẹ́ ẹ mú wá."

"Mo mọ̀. Mo wá bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má lọ. Ti ọkọ́ yìí yàtọ̀. Òjò ń pa á, mi ò sì lè mú un mọ́ra mọ́." Ó gbé e tì sára ògiri, ó nu ọwọ́ rẹ̀. "Ẹ̀yin ìyá wa, àwọn tòmátì tẹ́ ẹ bo ìdí wọn yẹn rú."

"Mo dúpẹ́."

"Àwọn tẹ́ ò fọwọ́ kàn náà rú."

Josiah rẹ́rìn-ín. Ó na ọwọ́ sí Comfort bí ẹni na ọwọ́ sí ẹlẹ́rìí. "Ṣé ẹ gbọ́, Màámi? Wọ́n ń rú fúnra wọn. Kí lẹ wá fẹ́ lọ ṣe?"

Ìbéèrè gidi ni, Tabitha ò sì fẹ́ fi ẹ̀fẹ̀ lé e lọ. Ó wo ọkọ́ lára ògiri, èèkù kúkúrú yẹn.

"Ọjọ́ tí bàbá yín kú," ó wí, "ẹ ò tíì dé. Inú ọkọ̀ lẹ wà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo ṣílẹ̀kùn, mo bá gbogbo wọn níta pẹ̀lú ọkọ́. Kò sí yìnyín kankan. Ẹ̀ẹ̀rùn ni, ilẹ̀ le bí òkúta. Wọn ò rí ohun mìíràn tí wọ́n lè ṣe. Wọ́n wọ oko, wọ́n ń kọ ebè tí a ò ní gbin nǹkan kan sí. Ngo Kaneng fún mi ní ọkọ́ mi, mo sì tẹ̀ lé wọn. Kí nìyẹn wò sàn?"

"Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ló le jù," ni Tabitha tún wí. "Kéèyàn jí, kó dá dúró níwájú ohun tó bàjẹ́. Ìyẹn ni wọn ò fẹ́ kó ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Bí pòtétò bá rú, ó rú."

Comfort ti jókòó láìsí pé ẹnì kan fún un ní àga. "Èyí tẹ́ ẹ wá ṣe lóko mi lọ́jọ́ yẹn nìyẹn?"

"Òun ni."

"Ẹ ò ṣe sọ ọ́ bẹ́ẹ̀?"

"O ní kí n máa bọ̀ díẹ̀díẹ̀."

Comfort bo ojú. Ẹ̀rín ni tàbí ẹkún, Tabitha ò lè sọ, ìgbà tó sì yọ ojú ó ti padà sí iṣẹ́ tí wọ́n rán an. "Síbẹ̀, ẹ má lọ. Ọ̀nà jìn. Bó bá jẹ́ pé kí n máa wá jókòó tì yín láràárọ̀ ni—"

"Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe wí," ni Josiah gbà á lẹ́nu. "Màámi, ẹ wò ó, ohun méjì ni mo fẹ́ sọ. Ìkíní, a ò sọ pé ẹ ò ní lọ mọ́ láéláé. Ẹ jẹ́ kí òjò lọ. Nínú oṣù kejìlá, èmi fúnra mi á wà yín lọ, a ó dúró síbi ibojì Dádì, a ó kí gbogbo wọn—"

"Nínú oṣù kejìlá, àlejò ni mo máa jẹ́."

"Ẹ jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ mi."

"Máa sọ ọ́, mò ń gbọ́." Ó dìde. Orúnkún náà fọhùn, Fèyí gbọ́ ọ, ó ṣíjú wò ó. Tabitha gbé àpò kọ́ apá. Ó mú ọkọ́ lára ògiri. Èèkù rẹ̀ tutù, ó sì wọ̀ ọ́ lọ́wọ́ bí ó ṣe máa ń wọ̀ ọ́. "Comfort, ewébẹ̀ mi ń bẹ lọ́wọ́ rẹ."

"Bí yìnyín bá tún dé ńkọ́?"

"Ẹní wà lẹ́yìn ilé."

"Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ó ń bọ̀?"

"Èmi gan-an ò mọ̀ ọ́n níhìn-ín. Ṣáà máa wòkè."

"Ìkejì," ni Josiah ń wí, ó ti dìde, ọ̀wọ̀ ò sì jẹ́ kó dí ìyá rẹ̀ lọ́nà, "ìkejì, Màámi, ọ̀rọ̀ ìlera ni, Fèyí á sì jẹ́rìí mi, nítorí dókítà sọ fún wa pé—"

Tabitha da bàsíà borí, nítorí ọwọ́ rẹ̀ ti kún. Oòrùn mú níta, ojú ọ̀run mọ́ láìsí àbàwọ́n kan. Ọlọ́kadà kan wà lábẹ́ igi níwájú ilé. Ó wo bàsíà, ó wo ọkọ́.

"Ìyá, ibo?"

"Mowo, ibùdókọ̀. Rọra wà mí, orúnkún mi ò dáa."

Lẹ́yìn rẹ̀, nínú ilé, Josiah ṣì ń sọ ìkejì lọ́wọ́.